Orúkọ Tó Wà Lórí Rìsíìtì

Mùínátù ló ra ẹ́ńjìnì tó wà nídìí ọkọ̀ mi.
Owó ẹja yíyan ni. Ọdún méjì àbọ̀ ló fi kó o jọ
sínú agolo mílíìkì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
òórùn èéfín kò kúrò lára owó náà
títí a fi kà á lé ẹni tó tajà lọ́wọ́.
Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sórí rìsíìtì.
Mo rí i. N kò wí nǹkan kan.

Létí ọ̀sà l'Ẹ̀pẹ́, níbi tá a ti ń tún àwọ̀n ṣe,
Sàúbánà na ẹnu sí ẹ́ńjìnì, ó ní,
“Mùínátù ló ni ọkọ̀, òun náà ló ni ọkọ!”
Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín tèmi ló pẹ́ jù níbẹ̀.
Àmì ohùn kan péré ló wà láàárín ọkọ àti ọkọ̀;
mo fi gbogbo ọ̀sán wá a nínú àwọ̀n,
n kò rí i.

Mo lọ bá bàbá mi lẹ́yìnkùlé,
ó ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin kúrò lójú egbò ẹsẹ̀ rẹ̀.
Mo fẹ́ bi í pé: Bàbá,
lọ́dún tó jẹ́ pé owó ẹní tí ìyá mi ń hun là ń jẹ,
báwo lẹ ṣe ń wọlé lálẹ́?
Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni,
“Epo tún ti gbówó lórí.”
Ó mi orí. Ó ní, “Má gbàgbé láti po ọ́ìlì mọ́ ọn.”
A jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú.
Bóyá ìdáhùn nìyẹn, n kò mọ̀.

Lóru, mo pè é, “Mùínà.”
“Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni?”
“Mo ti jẹun.”
Ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun bí egungun epìyà,
kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu jáde lójú èèyàn.
Òun ló wá sọ̀rọ̀, ó kọjú sí ògiri:
“Bàbá Ilé ni wọ́n ń pè mí l'Ọ́jà Olúwo.
Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.”

Kí ilẹ̀ tó mọ́, a jọ gbé ẹ́ńjìnì náà lọ sétí omi,
ó di orí mú, mo di ìdí mú.
Sàúbánà rí wa. Bóyá ó rẹ́rìn-ín, n kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.
Níbi tí ẹrẹ̀ ti jìn ló ti ní, “Ẹ rọra.”
Mo ní, “Ìwọ náà.”
Ibẹ̀ la bá ọ̀rọ̀ náà dé.