Ìwé Gbohùngbohùn

Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi ń pariwo mọ́ àpáta.
Tíṣà Dúpẹ́olú ni kí ẹ bi, ìyá àgbà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Mọ́pà,
òun ló kó o ràn mí.

Ní tirẹ̀, ìṣirò ló fà á.
Kíláàsì kẹrin, fèrèsé tí kò nílẹ̀kùn, ọyẹ́ ń la ètè,
àwọn ọmọ ń ka tábìlì: "Méjì lọ́nà méje, mẹ́rìnlá!"
Ó ní kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n dákẹ́.
Àpáta ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ ni kò gbọ́ àṣẹ:
"...rìnlá," ó wí, jẹ́jẹ́, bí ọmọ tó pẹ́ dé.

Ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín, á nu pátákó.
Tíṣà fa rẹ́jísítà yọ, ó kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ àwọn ọmọ:
Àpáta. Ó wá.

Báyìí ni nǹkan ṣe ń wọ ara ẹni.
Kì í kan ilẹ̀kùn.

Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì bẹ̀rẹ̀ sí í fo oṣù,
tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta búrẹ́dì, tí wọ́n ń sin adìyẹ,
òun gun alùpùpù Ọbaṣájú lọ sí Ìsánlú, lọ sí Ògìdì,
ìwé kan nínú ọ̀rá kó má baà tutù, bírò méjì, àkàrà.
Mo ti ka ìwé náà:
"Ògìdì, ìrọ̀lẹ́, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀kẹta bí ẹni tó fẹ́ sùn."
"Ìsánlú, ọ̀sán. Ẹ̀ẹ̀kan, pẹ̀lú ìkanra."
"Ayétòrò. Kò dáhùn. Màá padà wá."

Kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni, kì í gbàdúrà.
"Okun o!" ni, bí a ti ń kí ara wa nílẹ̀ yìí,
nítorí ta ni a ó kí, tí kò ní jẹ́ni?

Ó ní àpáta tó bá jìnnà a máa jẹ kọ́nsónáǹtì bí ẹran,
a sì dá egungun ohùn padà.
Bàtà lo ké;
ó lè jẹ́ àgbà lo gbọ́, ó lè jẹ́ àjà.
Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ó sọ ọ́, ó ń fò sókè bí ọmọdé.

Pásítọ̀ gbé òróró wá.
"Màmá, kí lẹ ń bá òkúta sọ?"
"Ẹ kí i wò."
Pásítọ̀ wẹ̀yìn, ó húkọ́, ó ní "Halelúyà," kékeré.
"...úyà."
Ó jókòó. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀:
"Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ní ti Ògìdì ń dáhùn?"

Ọbaṣájú ńkọ́, tó jẹ́ owó ló ń dúró gbà?
Ó ti di ẹni tí ń mú ìròyìn wá lóru:
"Màmá, ọ̀kan wà lọ́nà Ìyàrá.
Kò tóbi o, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú."

Èmi, mítà iná ni mo wá kà.
Láti Lọ́kọ́já ni wọ́n ti rán mi, pẹ̀lú káàdì lọ́rùn,
ilé mẹ́rìndínlógójì kí ilẹ̀ tó ṣú.
Ó ní kí n bá òun di ìwé mú.
Mo dì í mú.
Ó ní kí n gbìyànjú ẹ̀ wò.
Èyí àkọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀ bí omi ọwọ́.
Èyí kejì, mo ya ẹnu dáadáa:
"Okun o!"
Ó gbé ìka mi lé iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí n kà.
Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin—

ohùn mi ni, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà jù mí lọ díẹ̀,
ó rọra kí mi bí ẹni tó ti mọ̀ pé mo ń bọ̀.

Mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀:
Mọ́pà, ọjọ́ Ẹtì, kùrukùru díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan.

Mítà ilé rẹ̀, n kò rántí kà á.