Ọ̀wẹ̀ àbí Àgbàṣe

Ní abúlé wa létí òkun Kọnimárà,
a kì í gbowó sàréè.
Bí ẹnìkan bá papò dà, ọkùnrin mẹ́fà á gbé ṣọ́bìrì,
ìgò wisikí kan á máa ti ọwọ́ dé ọwọ́,
kí oòrùn tó yọ, ilé ìkẹyìn ti parí.
Baba mi gbẹ́ mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Kò gba kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ti wọkọ̀ òfurufú lọ sí Ọsirélíà,
àwọn tó kù, orúnkún ń dùn wọ́n.
Èmi Coleman ni mo ní katakata awalẹ̀,
gbèsè báǹkì ni mo fi rà á,
àpáta ilẹ̀ wa sì ń rún eyín rẹ̀ wómúwómú.
Dísù kì í gbọ́ "Ọlọ́run á san án fún ọ".

Ni mo bá kọ ìwé owó sí Sabina, opó Festy:
ọgọ́jọ yúrò.
Mo pa á rẹ́, mo kọ ọgọ́fà,
mo gbé e sójú fèrèsé fún ọjọ́ mẹ́rin.
Ó san án. Owó náà ń rùn bí ẹja.
Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wọ ilé ọtí,
wọ́n á kí mi dáadáa.
Dáadáa jù ni.

Ìyàwó mi ní: "Ẹni tó tún páìpù ṣọ́ọ̀ṣì ṣe,
ṣé ọ̀fẹ́ ló ṣe é?"
Mo ní rárá. Oorun ò kùn mí síbẹ̀.

Oṣù kejì, ìyá mi kú.
Lọ́dọ̀ wa, ọmọ olóòkú kì í fọwọ́ kan ilẹ̀.
Mo jókòó sí kíṣìnì, mò ń retí ìró ẹ́ńjìnnì,
kí n tó rántí pé tèmi ni ẹ́ńjìnnì náà.
Ṣọ́bìrì ni afẹ́fẹ́ gbé wá. Ṣọ́bìrì àti ikọ́.
Mo yọjú: ọkùnrin mẹ́ta, ọmọbìnrin kan nínú bàtà òjò,
àti Sabina, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
tó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi inú kòtò.

Mo bi wọ́n pé èló ni.
Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń ná òwúrọ̀.

Ẹni máa gbẹ́ kòtò ìkà, wọ́n ní kó má gbẹ́ ẹ jìn.
Èyí kì í ṣe kòtò ìkà,
ó sì jìn jù mí lọ.

Ìwé owó tuntun wà lórí tábìlì.
Mo ti kọ dísù: yúrò méjìdínlógún.
Níwájú "iṣẹ́", mi ò tíì kọ nǹkan kan.
Wọ́n ní Bartley ò jẹun mọ́ láti àná.
Òjò ń rọ̀.