Kóòtù àti Kọ́ọ̀tù

Lọ́la, agogo mẹ́sàn-án, Lọ́yà Beaubien yóò rí wa.
Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, ọ̀fẹ́ ni;
ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ owó dé.
Mo da gbogbo ìwé inú páálí bàtà sórí tábìlì:
rìsíìtì ọsibítù, àwòrán egungun èjìká rẹ,
lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ búrẹ́dì fi ní kí o lọ máa sinmi,
ìsinmi tí kò ní owó oṣù nínú.
Níta, yìnyín ń rọ̀ sórí Saginaw
bí ẹni ń fi ajọ̀ jọ ìyẹ̀fun.
N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. O kò fẹ́ gbọ́ ìyẹ̀fun mọ́.

Ọkùnrin kan, ọdún méjìlélógún nídìí ààrò,
tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé ní agogo mẹ́rin ìdájí,
funfun lápá, funfun ní ìpéǹpéjú,
tí ọlọ́pàá méjì wá tan iná sí lójú:
“Kí ni lúbúlúbú ara rẹ yẹn?”
Ìyẹ̀fun ni o pè é. Ìyẹ̀fun náà ni.
Kí wọ́n tó tọ́ ọ wò, èjìká ti yẹ̀.

Kóòtù aláwọ̀ eérú náà ṣì wà nínú báàgì bébà,
n kò fọ̀ ọ́, n kò gbọ̀n ọ́n.
Màmá Zerline ilé kejì ní kí n fọ̀ ọ́,
kí a má gbé ìdọ̀tí lọ bá ẹni ẹlẹ́ni.
Mo ní, Màmá, ìdọ̀tí yìí ni ẹlẹ́rìí wa.
Kóòtù ni yóò kọ́kọ́ dé kọ́ọ̀tù
kí àwa ẹlẹ́ran ara tó tẹ̀ lé e.

Mo kọ ìbéèrè sẹ́yìn káláńdà, ojú ewé oṣù Kejìlá:
Ṣé ẹ ti pe ọlọ́pàá lẹ́jọ́ rí, kí ẹ sì jàre?
Bí a bá pàdánù, ta ni yóò san kí ni?
Ọjọ́ mélòó ló kù kí òfin tó tilẹ̀kùn mọ́ wa?
Ṣé ẹ̀yin gan-an ni, àbí ọmọ kékeré kan nínú ọ́fíìsì yín?
Èyí tó kẹ́yìn, mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ.

“Ó yá, sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.” Ìgbà kẹta lálẹ́ yìí.
O sọ ọ́. Nígbà tí o dé ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀bù táyà, o fò.
Mo gbọ́ bí o ti fò,
bí ẹni fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, tí kò bá a níbẹ̀.
Lavon, kí ló ṣẹlẹ̀ níbi ṣọ́ọ̀bù táyà?
Fíríìjì ń kùn. O ń wo ọwọ́ rẹ.
“Mo sá, Ardella. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà, bóyá méje.
Mo sá, mo sì padà.”

Oṣù mẹ́rin lo fi kó ìṣísẹ̀ méje pamọ́ sábẹ́ ahọ́n.
Mo mú bírò. O ní, má kọ ọ́.
Mo ní, ẹni tí yóò bá wa rojọ́
kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀tá kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu wa.
Bí a bá bo egbò mọ́ dókítà lójú,
kí la wá gba káàdì sí?
Mo kọ ọ́: ó sá. Mo kọ ọ́: méje.
Mo kọ ọ́: ẹ̀rù bà á.
O gba bírò, ọwọ́ òsì, ọwọ́ tí kò mọ̀wé,
o fi “ó sì padà” sí i, wọ́gọwọ̀gọ.

Akọ̀wé rẹ̀ ti sọ fún mi lórí fóònù:
ohun tí lọ́yà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni, kí lẹ fẹ́?
Owó ni mo rò. Ìwọ ní o fẹ́ kí ọkùnrin yẹn
wá sídìí ààrò lóru ọjọ́ kan ṣoṣo,
kó po ìyẹ̀fun títí ọwọ́ á fi kú,
kó wá fẹsẹ̀ rìn lọ sílé bẹ́ẹ̀, ní funfun.
N kò mọ̀ bóyá òfin láyè fún irú ìyẹn.
Káláńdà ti kún; etí báàgì kóòtù ni mo kọ ọ́ sí.

Bọ́ọ̀sì agogo méje ààbọ̀ la ó wọ̀.
Wá jẹun.