Ohùn Abẹ́ Bónẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn tí mo gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀.
Barnsley, aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú,
yìnyín lẹ̀ mọ́ gíláàsì bí ẹ̀kọ tó dì,
Mísísì Pickles ń retí oògùn àárọ̀ rẹ̀ lókè ọ̀nà.
Mo tan ẹ́ńjìnnì,
ó sì fi ohùn kan tí n kò rà mọ́ ọn dá mi lóhùn.

Tíntíntín.
Kì í ṣe kọ́kọ́kọ́, ẹni tó ń kanlẹ̀kùn nìyẹn.
Kì í ṣe gbìgbìgbì, ìyẹn ì bá ti lé mi bọ́ sílẹ̀.
Kì í ṣe kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi ní Ìkirè.
Tíntíntín ni, tín-ín-rín, olóhùn òkè,
bí ìgbà tí èékánná bá ń ta abọ́ tánganran.
Mo tẹná, ó yára. Mo dẹ̀ ẹ́, ó rọra.
Mo dúró sójú kan, ó ṣì ń ké:
kì í ṣe òkúta tó há sí táyà nìyẹn.
Tá a bá dé ìdajì ọ̀nà Wombwell, tí ara rẹ̀ ti yá,
á dákẹ́ bí ọmọ tó gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

Nílé ìtajà ọkọ̀, ọmọkùnrin kan tó de táì pupa
bi mí pé irú ariwo wo ni.
Èdè tirẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹyọ kan péré fún un,
ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi ń pe ìró aago,
tí wọ́n tún fi ń pe eégbọn.
Mo fẹnu ṣe é fún un. Mo gbé ohùn sókè, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó wa ọkọ̀ mi yí ọgbà po lẹ́ẹ̀mejì,
ọkọ̀ tó ti gbóná, ọkọ̀ tó ti panu mọ́,
ó ní, "Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, màdáámù."
Mo rántí ìwé gbèsè ọdún márùn-ún tí mo fọwọ́ sí.
Gbogbo wọn kọ́ ni mò ń sanwó rẹ̀.

Ken Hallworth, tí èmi àti ẹ̀ jọ ní ògiri kan,
jáde síta tòun ti ife tíì àti sálúbàtà inú ilé.
Ọdún mọ́kànlélógún ló fi tún ẹ̀rọ ṣe nínú kòtò èédú
kí wọ́n tó tì í pa.
Etí rẹ̀ ti lọ. Mo ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀ rí títí ọwọ́ fi ń ro mí.
Ó yọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ó jù ú sápò,
ó ní kí n ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kí n tan án ní tútù.
Ó mú síkúrúdíráfà gígùn kan,
ó fi ẹnu rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí,
ó dijú.
Ó sún un síbí. Ó sún un sọ́hùn-ún.
Tíì rẹ̀ ń tutù lórí bátìrì.
"Ibí yìí ni."
Níbi tí páìpù èéfín ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì,
nọ́ọ̀tì kan wà tí wọn ò dì dáadáa,
ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.
Bí irin bá tutù, àlàfo á là; bó bá gbóná, á wú, á bo àṣírí.
"Èéfín nìwà," mo ní.
Ken ò gbọ́.

Mo ya fọ́tò. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́;
onítáì pupa ò wojú mi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún Ken.
Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó mí,
mo sì gbọ́ ọ nísàlẹ̀ àyà: kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.
Kì í ṣe hẹ̀nhẹ̀n ẹni tó sáré.
Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú korobá.
Mo béèrè. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.
Nígbà tó yá, ó ní, "Gbogbo wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀,
àwa tá a ti sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀."

Mo gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì.
Mo ní, "Ẹ wọ bàtà yín."
Mo jáde lọ tan ọkọ̀.
Kò sọ nǹkan kan.