Ìlà Kẹrìnlá

Ọ́fíìsì wa wà ní Gàríkí, àjà kẹta,
lókè báǹkì kan tó ti kógbá sílé.
Ilẹ̀ la ń wọ̀n.
Ẹni bá ra púlọ́ọ̀tì ní Lugbe tàbí ní Kárú,
àwa la óò bá a ri òpó mọ́ ààlà,
a óò ní: títí dé ibí ni tìrẹ.

Èmi kì í jáde lọ wọn nǹkan kan.
Fáìlì ni mo ń tọ́jú.
Ọdún kọkànlélógún rèé
tí mo ti ń nu eruku ọyẹ́ kúrò lórí orúkọ ènìyàn.

Fáìlì Bámitálẹ́ mọ́ ju ti gbogbo wa lọ.
Òun ló ń ya máàpù. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n,
ó lè fa ìlà láti ibí dé Bwari láìmú rúlà.
Àmọ́ ìlà kẹrìnlá nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀,
níbi tí wọ́n ti ní kó kọ ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ,
ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣófo.
Mo ti dá a padà fún un lẹ́ẹ̀mẹta.
"Ẹ jẹ́ kí n ṣì rò ó ná, Màmá Ìbídàpọ̀."
Á rẹ́rìn-ín, á yí ojú sí fèrèsé.

Kí ni n kò gbọ́ nígbà oúnjẹ ọ̀sán?
Wọ́n á fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á fi ìrìn rẹ̀ rìn,
Ṣéhù tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe dé ibi pé omi á bọ́ lójú wa.
N ò ní parọ́ síbí: èmi náà rẹ́rìn-ín,
ẹran sì wà lẹ́nu mi.

Ọjọ́ tí bíréèkì tírélà kan já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Nyanya,
òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ya ojú ọ̀run.
Ilé ìwòsàn ní kí ẹbí rẹ̀ wá fọwọ́ sí ìwé.
Bàbá rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní Ìsánlú.
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó pa fóònù mọ́ mi létí.
Mo ṣí fáìlì.
Ìlà kẹrìnlá ń wò mí bí ojú tí kò ní ẹyin.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan wọlé,
omi ń ro lára rẹ̀ sórí táìsì,
bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu.
Mo ní, "Kí lẹ jẹ́ sí i?"
Ó la ẹnu, ó pa á dé.
Mo rí i tó ń wá ọ̀rọ̀ kiri bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ lókùnkùn.
Ọ̀rẹ́? Kò tó.
Aládùúgbò? Irọ́ ni.
Èyí tó jẹ́ òótọ́ gan-an, ẹ̀wọ̀n ló dúró lẹ́yìn rẹ̀.
Ó wá ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn,
wọn ò gbọdọ̀ fún un ní pẹnisílíìnì.
Ó ní ikọ́ fée. Ó máa ń gbàgbé oògùn ẹ̀.
Èmi ni mo máa ń rán an létí."

Nínú gbogbo èrò Àbújá yìí,
ta ló mọ ohun tó lè pa ọ́,
tó sì ń sáré nínú òjò kó má bàa pa ọ́?

Mo béèrè orúkọ. Tengu, ọmọ Gboko.
Mo fi báírò kọ ọ́ sí ìlà kẹrìnlá.
Níbi tí wọ́n ti ní, "Irú ìbátan wo?"
mo dúró díẹ̀.
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Mo kọ ọ́: ará ilé.
Mo lu òǹtẹ̀ lé e. Ẹni bá fẹ́ bi mí, kó bi mí.

Oṣù mẹ́ta kọjá kó tó padà tòun ti ọ̀pá.
Ṣéhù bá a gbé báàgì gun àkàsọ̀, kò wí nǹkan kan.
Ọ̀gá Zubairu kò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ títí di òní.
Èmi náà, n ò tíì ní kí ẹ dákẹ́ nídìí tábìlì oúnjẹ;
mo kàn ń gbé abọ́ mi lọ jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ ni.

Ó ní kí n jẹ́ kóun rí fáìlì òun.
Ó ka ìlà náà pẹ́, pẹ́,
bí ẹni ń ka máàpù ilẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀.
"Màmá, rẹ́ẹ̀tì kan ṣẹ́kù níbẹ̀," ó ní.
"Terngu ni."
Ó gba báírò lọ́wọ́ mi, ó fi r kan há a láàárín.
Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n.