Téèpù Télọ̀

Lọ́jọ́ Sátidé, bí aago méjì bá ti lù,
mo máa ń ká aṣọ oníbàárà kúrò lórí tábìlì ìgéṣọ
ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Bọ́là,
kí ogun lè ráyè.

Àkísà la fi ń ṣe òkè. Láínì búlúù ni odò,
ibi tó ti ya la pè ní afárá.
Látúndé káfíńtà ló gbẹ́ àwọn ọmọ ogun,
wọn ò ju àtàǹpàkò lọ, igi ìṣáná lọ̀kọ̀ wọn.
Mojíròlá fi pólíìṣì èékánná tó ṣẹ́kù lọ́dọ̀ onídìrí
kun fìlà wọn.
Ẹni tó bá ń kọjá á yọjú, á ní,
"Ẹ̀yin àgbàlagbà yìí, ṣé ẹ ò níṣẹ́ ni?"
Súfíyánù á dá a lóhùn láìgbójú sókè:
"Ibùdó ogun nìlú yìí kó tó dìlú.
Iṣẹ́ baba wa là ń ṣe."

Ó ti di ọdún mọ́kànlá.
Àwọn kan nínú wa ń wá nítorí àtiborí,
àwọn kan ń wá nítorí ẹ̀pà àti ẹ̀fẹ̀.
Bí Súfíyánù bá pàdánù, kì í bá wa mu omi.
Bàbá Akínlàbí ní tirẹ̀, bí o bá gbàgbé láti sún tafàtafà rẹ,
á rán ọ létí,
á sì wá fi ẹṣin tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀.

Téèpù mi la fi ń wọnlẹ̀.
Dáìsì á sọ iye tí o lè rìn,
téèpù á sọ bóyá o dé.
Bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀, ẹnu mi labẹ́ gé:
ó dé, tàbí kò dé.

Ní Disẹ́ńbà a díje. Àkùkọ gàgàrà kan lẹ̀bùn,
a so ó mọ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì,
ó ń wo gbogbo wa bí ẹni tó fẹ́ mọ ẹni tí yóò pa á.
Ó ku Bàbá Akínlàbí, ó ku Mojíròlá, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.
Ẹṣin mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù fún bàbá,
ọ̀gágun ọmọ náà dúró sẹ́yìn odò, kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan.
Bàbá da dáìsì. Mẹ́rin àti mẹ́ta.
Ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́.
Mo na téèpù láti imú ẹṣin dé ẹsẹ̀ ọ̀gágun.
Méje àbọ̀.
Mo ní, "Kò dé."
Bàbá bọ ọmọ náà lọ́wọ́,
ó ní kí n má ṣe sun àkùkọ náà gbẹ jù.

Lọ́jọ́ kẹfà ọdún tuntun, mo ra téèpù míràn ní Gbági,
mo tẹ́ ẹ ti ògbólógbòó.
Irin ẹnu tàtijọ́ ti bọ́ tipẹ́, ó sì ń já wẹ́wẹ́ lọ,
ìdajì íńṣì ti lọ, mi ò mọ̀.
Mi ò rán ṣòkòtò tó fún ẹnikẹ́ni rí:
irọ́ tí mo fi wọn ìdí ni mo fi gé aṣọ,
irọ́ méjèèjì bára wọn mu,
aṣọ á jókòó pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́.
Ṣùgbọ́n dáìsì kì í ṣe ọmọṣẹ́ mi.
Méje rẹ̀, méje ni.

Mo sọ fún Mojíròlá. Ó dákẹ́ títí, ó ní,
"Àkùkọ ti dọbẹ̀, ọ̀gá. Gbogbo wa la jọ jẹ ẹ́.
Bàbá ló jẹ iwe."
Bàbá ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Òmù-Àrán,
ó fi agolo mílíìkì tí ẹṣin rẹ̀ wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.
Mo pè é lórí fóònù, mo jẹ́wọ́.
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e:
"Ogójì ọdún ni mo fi ṣe bíríkìlà.
Ṣé o rò pé ojú mi ò mọ íńṣì méje?"
Kò wí jù bẹ́ẹ̀.

Sátidé tó kọjá, Mojíròlá kó ẹṣin mẹ́ta jáde nínú agolo,
ó tò wọ́n sétí odò, lápá tirẹ̀.
Súfíyánù ní òfin ò gbà bẹ́ẹ̀.
Wọ́n kọjú sí mi.