Gbèsè Orí Ògiri

Oṣù mẹ́rin ni Ọ̀gbẹ́ni Liú fi jẹ owó ilé
kó tó gba ọ̀nà Ìtàgúnmodì lọ lóru.
Bàtà rọ́bà rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
ẹrẹ̀ kòtò wúrà gbẹ mọ́ ọn.
Ohun tó fi sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kò gùn ju apá lọ:
aṣọ kan tí a ká mọ́ igi, tí a fi okùn pupa so.

Ìyá mi àgbà ní Ìrójò, ọmọ Fápohùndà,
ọmọ òṣómàáló tó ń ru ìgàn aṣọ dé Ìkàrẹ́,
tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
títí àgbàdo ẹ̀yìnkùlé yóò fi yọ irun,
ó wo ìdì náà, ó ní, "Ẹ tú u. Ká mọ iye ọ̀pá tó jẹ́."

A tú u. Kì í ṣe aṣọ tí télọ̀ ń rán.
Òkè ni, ìkùukùu ni, afárá tóóró kan,
ọkùnrin kan lórí afárá
tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ.

Onígbèsè wa ti kọ́ mi lórúkọ rẹ̀ rí,
lọ́jọ́ tí òjò lé àwa méjèèjì wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀:
gùàjóù. Gùà, kí a gbé nǹkan kọ́.
Jóù, igi tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń yí lé;
igi ìsàlẹ̀ yìí náà ni, tí òkè àti afárá ń yí mọ́.
Mo pè é. Ó rẹ́rìn-ín, ohùn mi gòkè níbi tó yẹ kó jábọ́.
Mo ní kí òun náà pe ọkọ́, ọkọ̀, ọkọ.
Òjò nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi Ọláìtán
tó ń tú mọ́tò àlòkù ní Ósákà.
Ó ní, "Kakemónò nìyẹn! Ohun àfikọ́.
Àwọn kan a máa pè é ní kakéjíkù."
Jíkù yẹn, jóù náà ni,
àmì kan lórí ìwé, ẹnu ló yà,
bí ará Ọ̀yọ́ ti ń wọ ilé, tí àwa ń wọ ulé,
tí òrùlé kan náà ń jò sí gbogbo wa lórí.

Ó ní aṣọ òkè àwòrán, ọ̀run ni wọ́n ń pè é,
tìsàlẹ̀, ilẹ̀; ọ̀run a sì máa gùn ju ilẹ̀ lọ.
Ìyá mi àgbà, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, kò bá a jiyàn.

Ọ̀já tín-ín-rín méjì tó rọ̀ láti òkè ńkọ́?
Ọ̀já afẹ́fẹ́, ni Jàpáànù wí.
Ṣáínà ní jíńyàn: adẹ́rùba-alápàńdẹ̀dẹ̀,
pé bí atẹ́gùn bá mì í, ẹyẹ kò ní wọlé wá su sára òkè.
Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Ọdún kẹtàlá rèé tí alápàńdẹ̀dẹ̀ ti ń gbé àjà pálọ̀ wa lọ́fẹ̀ẹ́.
A gbé àwòrán kọ́ síbẹ̀. Ọ̀já ń fì.
Ẹyẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó bà lé orí ọ̀run.

Onífírémù Ẹrẹ́jà ní kí òun fi gíláàsì dè é.
Ọláìtán pariwo nínú fóònù pé rárá,
kì í pẹ́ lára ògiri; bí àlejò bá ti lọ,
bí ìgbà bá ti yí, wọn a ká a.
Bí ẹní, mo wí. Bí ẹní gan-an.
Kí ni àwa yóò wá máa pè é?
Ohun tí wọ́n kọ, tí a kọ́, tí a kà, tí a ká;
ahọ́n mi ń kọsẹ̀ lára àmì ohùn.
Màmá ní, "Má da ara rẹ láàmú. Gbèsè lorúkọ rẹ̀."

Láràárọ̀ ló ń fa àpótí ìjókòó rẹ̀ síwájú ògiri,
ó ń tẹjú mọ́ ọkùnrin orí afárá.
"Ó ń bọ̀," ló máa ń wí. "Wo ẹsẹ̀ rẹ̀."
Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí eruku wọlé, mo ní ká ká a.
Ó ní kí n ní sùúrù,
kí ọkùnrin náà kọ́kọ́ la afárá já ná.